Ọ̀nà Kano àti Òṣùpá: Ìdí Tí Ènìyàn Kò Fi Rí Ibẹ̀ Gbé

 

Bí oṣù ààwẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, tí gbogbo wa ń gbójú sókè wá òṣùpá, àríyànjiyàn méjì kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan á ní kò sẹ́ni tó dé òṣùpá rí, pé fíìmù lásán ni òyìnbó ṣe. Àwọn kejì á ní wọ́n débẹ̀ dáadáa, kódà àwọn olówó ayé ti ń múra láti lọ kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n fi ayé tó gbóná yìí sílẹ̀ fún àwa mẹ̀kúnnù. A ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ wa náà báyìí, àwọn tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú. Ìyẹn ló jẹ́ ká ní ìtàn la máa sọ lónìí. Ìtàn náà ò sì jìnnà sí wa rárá, torí pé òpin ọ̀nà tí à ń rí lójoojúmọ́ yìí, ìyẹn ní Kano, ni apá kan nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé òṣùpá yọ, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó lọ tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n ń pa á, ó dá wọn lójú pé kò sọ́wọ́ tó lè tó o. Láàárín 1969 sí 1972, ọwọ́ èèyàn 12 tó o. Gbogbo wọn ló padà wálé. Kò sí èyí tó lo ọjọ́ mẹ́rin pé níbẹ̀, látìgbà náà sì rèé, ẹnikẹ́ni ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Kí ló dé tí wọn ò dúró?

Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ìjọba wa àti ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé kí àjọ NASA kọ́ ibùdó kan sí Kano. Nígbà yẹn, àwọn èèyàn wa ti wà ní Sabon Gari ti Kano àti ti Zaria fún bí ọdún 50, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti já dé Òkè Ọya. Ibùdó ìgbóhùn ni ibùdó náà. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fẹ́ fi gbé èèyàn lọ sókè sánmà, tí wọ́n pè ní Mercury, máa ń sáré tó 28,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá dúró sójú kan ò lè gbọ́ ọ ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kó tó kọjá lọ sẹ́yìn ayé. Torí náà, wọ́n to ibùdó 18 yí ayé po, àwọn kan lórí ilẹ̀, àwọn kan lórí ọkọ̀ ojú omi, kí èyí tó bá gbọ́ ọ tán lè fà á lé èkejì lọ́wọ́. Ní Áfíríkà, méjì ló wà: Kano àti Zanzibar.

Kì í ṣe ohùn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ o. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ara ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà, tó fi jẹ́ pé bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bó ṣe ń mí, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sórí ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Àwọn dókítà ò mọ̀ bóyá èèyàn lè gbé oúnjẹ mì lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n tiẹ̀ ń bẹ̀rù pé ẹyinjú lè yí padà, kí èèyàn má ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí John Glenn gbéra ní 20 February 1962, wọ́n lẹ ìwé kékeré kan síwájú rẹ̀ tí lẹ́tà wà lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń ní ká kà ní ọsibítù ojú, kó lè máa yẹ ojú ara rẹ̀ wò.

Ọjọ́ Tuesday ni. Lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ ní aago tiwa, Glenn kọjá lórí Kano fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sọ fún àwọn tó wà ní ibùdó pé òun ń rí ìjì eruku nísàlẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn láti Kano pé bẹ́ẹ̀ ni, atẹ́gùn ti ń fẹ́ gan-an níbẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Òkè Ọya pẹ́, ẹ mọ ohun tó ń wò. Ọyẹ́ ni, èyí tó ń la ètè, tí ìyàwó ilé á nu tábìlì láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán, ọmọ á ti lè fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọkùnrin tó wà lókè tó ju 160 kìlómítà lọ rí eruku tiwa yìí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ eruku yẹn sọ́kàn o, a máa padà sí i.

Lẹ́yìn Mercury, Gemini ló kàn, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì. Zanzibar ti kúrò nínú iṣẹ́ nígbà yẹn nítorí rògbòdìyàn 1964, ṣùgbọ́n Kano ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 3 June 1965, Edward White jáde kúrò nínú Gemini 4, ó léfòó síta fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 20. Aṣọ tó wọ̀ nìkan ló wà láàárín òun àti ikú. Gemini 12 parí ní November 1966, wọ́n sì ti ibùdó Kano lóṣù yẹn náà. Ọdún burúkú ni 1966 jẹ́ ní Òkè Ọya, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n, a ò ní fa ìyẹn gùn níbí. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló yí padà. Apollo ló kàn, òṣùpá gan-an ló sì ń lọ, nǹkan bí 384,000 kìlómítà. Irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ gba abọ́ ńláńlá tó lè gbọ́ ohùn láti ọ̀hún, wọ́n sì kọ́ wọn sí Amẹ́ríkà, Spain àti Australia.

Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n ti Kano, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Houston tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ pé èèyàn máa kó lọ sí òṣùpá gbọ́. Ní 14 December 1966, Jim LeBlanc wọ aṣọ òṣùpá, ó wọ inú yàrá irin kan tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n lè dán aṣọ náà wò. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ aṣọ náà já. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 15 tó fi dákú. Ohun tó rántí gbẹ̀yìn ni pé itọ́ orí ahọ́n òun ń hó. Wọ́n sáré dá afẹ́fẹ́ padà sínú yàrá náà, ó sì yè é.

Itọ́ hó láìsí iná? Bẹ́ẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká wúwo, àwa la ò mọ̀ ọ́n torí pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí wa sí. Òun ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, tí omi ò fi ní hó títí á fi gbóná dé bí 100 dìgírì. Bí a bá dín títẹ̀ yẹn kù, omi á tètè hó. Bí a bá mú un kúrò pátápátá, ooru ara èèyàn nìkan ti tó láti mú omi hó. Orí òṣùpá, títẹ̀ kankan ò sí. Ẹni tó bá bọ́ síta láìwọ aṣọ níbẹ̀ kò ní bú gbàmù bí fíìmù ṣe máa ń fi hàn. Ọ́síjìn á tán nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ rẹ̀, á dákú, tí wọn ò bá sì gbà á láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ó parí. Kò tiẹ̀ ní lè ké fún ìrànlọ́wọ́, torí pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn. Ẹ lè lu gángan títí ọwọ́ á fi bó níbẹ̀, ẹni tó dúró tì yín ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Kí ló dé tí ibẹ̀ ò ní afẹ́fẹ́? Òṣùpá kéré ni. Agbára tí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé. Ẹni tó bá wọn 60 kílò ní Dogarawa, òṣùwọ̀n ibẹ̀ á pè é ní 10. Kò lágbára tó láti di afẹ́fẹ́ mú, ìwọ̀nba tó bá sì ní, oòrùn á gbá a lọ.

Àìsí afẹ́fẹ́ yìí ló tún fa ọ̀ràn ooru àti òtútù. Ní Zaria níbí, March àti April máa ń mú wa sùn síta, tí December bá sì dé, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá á máa wá búláńkẹ́ẹ̀tì kejì. Eré ọmọdé nìyẹn. Ọ̀sán òṣùpá máa ń gbóná dé nǹkan bí 120 dìgírì, ju ti omi tó ń hó lọ. Òru rẹ̀ máa ń tutù kọjá 130 dìgírì sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀sán kan níbẹ̀ sì tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tiwa, òru kan náà ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi sólà sórí òrùlé, ẹ bá wa rò ó: ọ̀sẹ̀ méjì láìrí oòrùn, nínú irú òtútù yẹn, bátìrì wo ló máa gbé e? Afẹ́fẹ́ ni aṣọ tí ayé fi ń bora lóru, òun náà ni agboòrùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Òṣùpá wà níhòòhò.

Àwọn Apollo mọ èyí, wọ́n sì fi ọgbọ́n ṣe é. Òwúrọ̀ òṣùpá ni gbogbo wọn máa ń bà síbẹ̀, kí oòrùn tó gun òkè. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹni 12 yẹn tó fojú rí òru ibẹ̀. Nígbà tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin bà sílẹ̀, alẹ́ Sunday 20 July 1969 ni ní aago tiwa, aago mẹ́sàn-án ti lù kọjá díẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó di aago mẹ́rin ìdájí Monday kí Armstrong tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn àbàwọ́n dúdú tí wọ́n máa ń sọ fún wa lọ́mọdé pé ẹni tó la igi lọ́jọ́ ìsinmi ló wà níbẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkúta dúdú ni wọ́n, orí ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n bà sí. Wákàtí méjì ààbọ̀ péré ni wọ́n lò níta ọkọ̀ kí wọ́n tó wọlé padà.

Sí ẹni tó ní irọ́ ni, a ò fẹ́ bá a jà púpọ̀. Òkúta àti erùpẹ̀ tí ìrìn-àjò mẹ́fà yẹn kó wálé jẹ́ 382 kílò, àwọn onímọ̀ kárí ayé sì ń yẹ̀ ẹ́ wò títí dòní. Wọ́n fi dígí pàtàkì sílẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọ́n ṣì ń tan iná léésà sí láti ayé kí wọ́n lè wọn bí òṣùpá ṣe jìnnà tó. Rọ́ṣíà ìgbà yẹn, tí wọ́n jọ ń du ìdíje, ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Ká ní irọ́ ni, ta ni ì bá kọ́kọ́ pariwo?

Aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti àpò tí wọ́n gbé sẹ́yìn tó bí 80 kílò ní ayé. Ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, omi tútù ń yí ara wọn po nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kí ooru ara wọn má baà pa wọ́n, ẹ̀rọ kan sì ń gba èémí búburú kúrò. Ẹ wo àdúgbò tí kànga ti gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó jẹ́ pé mai ruwa ló ń ti omi wá nínú kúrá. Bí mai ruwa ò bá wá, kò sí omi ẹ̀bà. Lórí òṣùpá, mai ruwa ló ń ti gbogbo nǹkan wá: omi, oúnjẹ, afẹ́fẹ́ tí a ó mí sínú, àní títẹ̀ tí kì í jẹ́ kí itọ́ hó. Láti 384,000 kìlómítà ló sì ti ń tì í bọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí eruku. Eruku ọyẹ́ tiwa, atẹ́gùn àti omi ti yí i kiri títí igun rẹ̀ fi ku. Eruku òṣùpá ò rí atẹ́gùn rí, kò rí omi. Òkúta tó ń já bọ́ láti sánmà ló fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ó kúnná bí èlùbọ́, ó sì mú bí àfọ́kù ìgò. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ aṣọ, gbígbọ̀n ò mú un kúrò.

Ní December 1972, Eugene Cernan àti Harrison Schmitt lọ pẹ̀lú Apollo 17, wọ́n gbé ọkọ̀ kékeré kan lọ tí wọ́n ń wà kiri níbẹ̀. Cernan ṣèèṣì fi òòlù gbá mọ́dígáàdì rẹ̀ já. Ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n eruku lé wọn lórí, bí achaba tí kò ní mọ́dígáàdì ṣe ń fọ́n ẹrẹ̀ lé èrò lẹ́yìn. Wọ́n kó máàpù mẹ́rin pọ̀, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fi ìhámọ́ iná há a mọ́ ara ọkọ̀. Ó ṣiṣẹ́! Mẹkáníìkì Kwangila kankan ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, tí wọ́n bọ́ akoto, eruku náà ti bá wọn wọlé. Imú Schmitt dí, ó ń sín bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Àwọn tó gbọ́ òórùn rẹ̀ ní bí ẹ̀tù ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ló rí. Ọjọ́ mẹ́ta péré, eruku ti ń jẹ aṣọ àti ìbọ̀wọ́ wọn. Tó bá wá jẹ́ ọdún mẹ́ta ńkọ́? Ẹ̀dọ̀fóró ta ló máa gbà á?

Ewu kan tún wà tí ojú ò rí. Oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn máa ń tu ìtànṣán olóró. Ní ayé, afẹ́fẹ́ àti agbára òòfà tó wà nínú ilẹ̀ ló ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà fún wa. Òṣùpá ò ní èyíkéyìí. Ẹ̀rọ tí àwọn ará Ṣáínà gbé síbẹ̀ ní January 2019 fi hàn pé ohun tí ara ń gbà níbẹ̀ lójúmọ́ tó ìlọ́po 200 ti orí ilẹ̀ ayé. Ìyẹn ọjọ́ tí ara oòrùn balẹ̀ o. Ní August 1972, ìjì oòrùn ńlá kan jà. Apollo 16 ti padà dé ní April, Apollo 17 ò sì tíì gbéra. Ká ní èèyàn wà lórí òṣùpá lọ́sẹ̀ yẹn, nínú aṣọ lásán, àìsàn ńlá ni ì bá kó. Àwa gbà pé oríire ni, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìwádìí ní Samaru, èyí á yé yín ju àwa lọ. Ní May 2022, University of Florida kéde pé wọ́n ti gbin ewéko kékeré kan sínú erùpẹ̀ tí Apollo 11, 12 àti 17 kó wálé. Ó hù, kò kú. Ṣùgbọ́n kò dàgbà dáadáa, ìdààmú hàn lára rẹ̀, àwọn kan sì yí àwọ̀ padà. Erùpẹ̀ tí ewé kankan ò jẹrà sínú rẹ̀ rí, tí ekòló ò gba ibẹ̀ kọjá rí, kò lè ṣe bí ilẹ̀ oko. Omi wà níbẹ̀ ṣá o. Ẹ̀rọ India, Chandrayaan-1, tó lọ ní 2008, wà lára àwọn tó jẹ́ ká mọ̀. Ó dì bí òkúta nínú àwọn kòtò tí oòrùn kì í dé ní ìkangun òṣùpá, níbi tí òtútù ti kọjá 200 dìgírì sísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún á kọ́kọ́ wá bó ṣe máa wà á.

Torí náà, sí àwọn tó ń bẹ̀rù pé olówó fẹ́ kó lọ: ilé tí àwọn onímọ̀ ń rò láti kọ́ síbẹ̀, abẹ́ erùpẹ̀ tó nípọn ni wọ́n fẹ́ rì í sí, tàbí inú ihò àpáta, kí ìtànṣán má baà pa àwọn tó wà nínú rẹ̀. Olówó tó fi ilé Abuja sílẹ̀ wá ń gbé inú ihò bí òkété, tó ń mu ìtọ̀ ara rẹ̀ tí ẹ̀rọ ti sẹ́ di omi, ẹ sọ fún wa, ìgbádùn wo nìyẹn? Ẹ má rò pé àwàdà là ń ṣe. Ìtọ̀ tí wọ́n sẹ́ ni àwọn tó wà nínú ilé òkè sánmà ń mu lónìí.

Nàìjíríà ò sì tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ náà. A ti ní àjọ sánmà tiwa, NASRDA, láti 1999, NigeriaSat-1 sì gòkè ní 2003. Ní 13 December 2022, Nàìjíríà àti Rwanda ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn Artemis ní Áfíríkà, àdéhùn tó wà fún àwọn orílẹ̀-èdè tó fẹ́ kópa nínú ìpadàlọ sí òṣùpá. Nígbà tí wọ́n bá ń wá onímọ̀ ìṣègùn, ẹlẹ́rọ aṣọ, onímọ̀ eruku, a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń mí ọyẹ́ símú lọ́dọọdún yìí wà níbẹ̀.

Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni Kano yẹn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ tí Glenn kọjá ti lé ní ọgọ́rin báyìí. Tí bàbá tàbí ìyá yín bá gbé Sabon Gari Kano láàárín 1961 sí 1966, tàbí tí wọ́n bá ń ná ọjà lọ́hùn-ún láti Zaria níbí, ẹ bi wọ́n léèrè lálẹ́ òní bóyá wọ́n rántí ibùdó àwọn òyìnbó NASA. Ta ló ń dáná fún wọn? Ta ló ń wakọ̀ wọn? Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa, tàbí kẹ́ ẹ mú àgbà náà wá sípàdé wa. Tí fọ́tò bá sì wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.